Ààrin ìgboro Ilé-Ifẹ̀

Ààrin ìgboro Ilé-Ifẹ̀ ni apá ìlú tó yí ààfin Ọọ̀ni ká, láti gbàgede Ẹnuwà títí dé òpópó Lágèrè, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni ọjà Ifẹ̀ àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ará ìgboro ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ ìlú náà. Ohun tó ya ìgboro yìí sọ́tọ̀ láàrin àwọn ìgboro ilẹ̀ Yorùbá ni pé orí ìlú àtijọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé. Ilẹ̀ tí àwọn ará ìjọ́sí fi àpáàdì tẹ́ ṣì wà lábẹ́ ilé, lábẹ́ ọ̀nà àti lábẹ́ àtẹ ọjà, ẹni tó bá sì ń gbẹ́ kàǹga tàbí ìpìlẹ̀ ilé kì í pẹ́ kàn án.

Ibi tó wà àti bí ó ṣe pín

Ẹnuwà ni gbàgede iwájú ààfin. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ya lọ sí àdúgbò márààrún tí Ifẹ̀ pín sí látijọ́: Ìrẹ̀mọ, Òkèrèwè, Mòòrè, Ìlódè àti Ìlàrè. Ọbalúfẹ̀ ni olórí Ìrẹ̀mọ, òun náà ló sì ń ṣíwájú àwọn ìjòyè Ìhàrẹ̀ tó ń ṣojú ìlú. Lọ́wà ló ń ṣíwájú àwọn Mọdẹ́wà tí iṣẹ́ tiwọn wà nínú ààfin. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro mọ́wọ́. Ìrẹ̀mọ àti Ìlàrè bọ́ sí Ifẹ̀ Ààrin Gbùngbùn, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ajébámidélé. Òkèrèwè àti Ìlódè bọ́ sí Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn. Ọ̀rọ̀ ibi tí ibùjókòó Ifẹ̀ Ìlà-Oòrùn yóò wà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ láti 1997 sí 2000.

Lágèrè ni ọ̀nà tó so ìgboro àtijọ́ mọ́ Mayfair àti ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ní 1962, ó kó wá sí orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1967, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 1987. Láti ìgbà náà ni ilé ìfowópamọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ti ń fi Ẹnuwà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà ibẹ̀.

Ilẹ̀ alápáàdì

Àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ní Ifẹ̀ kì í ṣe pàǹtí tí wọ́n kàn dà sílẹ̀. Wọ́n to àwọn àfọ́kù ìkòkò náà lóòró ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tó fọ́ kọjú sókè, ìlà kan fara ti ìkejì pẹ́kípẹ́kí, débi pé ẹ̀gbẹ́ tín-ín-rín nìkan ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Níbòmíràn wọ́n to ìlà méjì kí wọ́n dagun síra wọn bí egungun ẹja. Àwọn kan tún fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há àárín ìlà àpáàdì kí ó lè gún régé lójú. Nínú àgbàlá mìíràn, wọ́n ri ìkòkò mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wọ́n wá to àpáàdì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ibi tí wọ́n ti ń ta omi tàbí ọtí sílẹ̀ fún òrìṣà ni. Ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyanrìn kúrò lórí ọ̀kan yóò mọ̀ pé ọwọ́ tó to ó kò kánjú.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ba aṣọ òun jẹ́. Ìtàn náà lágbára lẹ́nu àwọn àgbààgbà, kò sì sí ìdí láti fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé iṣẹ́ náà ju ìgbà ọba kan lọ. Níbi kan, àwọn awalẹ̀pìtàn bá ilẹ̀ àpáàdì lórí ilẹ̀ àpáàdì, erùpẹ̀ wà láàrin méjèèjì, èyí tó fi hàn pé ìran kan tẹ́ tirẹ̀, ìran mìíràn sì wá tẹ́ tirẹ̀ lé e. Ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò èédú fún èyí tó pọ̀ jù bọ́ sáàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400 lẹ́yìn Kírísítì. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àmọ́ kò síbi tó pọ̀ tó ti Ifẹ̀.

Àwọn kọ́lékọ́lé ló rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ayé mọ Ifẹ̀ mọ́. Awalẹ̀pìtàn kàn tẹ̀lé ẹsẹ̀ wọn ni. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ògiri ààfin, ló hú àwọn orí idẹ àti bàbà jáde. Nígbà tí iye wọn pé, orí mẹ́tàdínlógún ni, pẹ̀lú apá òkè ère ọba kan. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ nígbà náà, ó sì dá wọn padà ní 1950. Ní 1957, àwọn lébìrà tó ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìta Yemòó tún kan ohun idẹ mìíràn. Ère ọba àti olorì tó fi apá kọ́ra, tó fi ẹsẹ̀ kọ́ra, wà lára wọn. Ojú ère ọkùnrin náà kò sí mọ́. Awalẹ̀pìtàn Frank Willett ló wá wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì bá ilẹ̀ àpáàdì. Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan padà síbẹ̀ lẹ́yìn 2010, èrò Chouin sì ni pé àwọn ará ibẹ̀ fi ibùgbé wọn sílẹ̀ ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ó ṣeé ṣe kí àjàkálẹ̀ àrùn wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì nípọn tó láti fi gbá nǹkan mú.

Ekpo Eyo náà wa ilẹ̀ ní Láfógído, Peter Garlake sì ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Ọbalára àti ní Wóyè Asírì láàrin 1971 sí 1973. Ní Igbó Olókun, lẹ́yìn ìgboro, ni Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, dé ní 1910. Àwọn ará ìlú ti ń gbẹ́ ibẹ̀ kiri ìlẹ̀kẹ̀ kó tó dé. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì yíyọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn, ó sì fi hàn pé Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe gíláàsì kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí etíkun.

Fún ẹni tó ń kọ́lé lónìí, ìró ni ilẹ̀ àpáàdì fi ń kéde ara rẹ̀. Dígà yóò máa wọ ilẹ̀ pupa ní gbì, gbì. Lójijì yóò ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Agbẹ́kàǹga mọ ohun tó kàn. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ tí ènìyàn ti gbẹ́ rí, tó lè ya lu òun, nítorí náà òmíràn nínú wọn a máa béèrè owó lé owó. Òfin orílẹ̀-èdè ní kí ẹni tó bá rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fi tó àwọn aláṣẹ létí, mùsíọ́ọ̀mù sì wà ní ìtòsí. Kì í ṣe gbogbo onílé ló ń lọ. Owó ojúmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ, òjò ń bọ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n rà ń gan, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọ́n lè ní kí ó dá iṣẹ́ dúró. Ó rọrùn láti gbé dígà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Níbi tí wọn kò ti gbẹ́ ilẹ̀, òjò ń gbẹ́ ẹ. Ní àwọn ọ̀nà agboolé tí kò ní ọ̀dà, àgbàrá máa ń ṣí erùpẹ̀ kúrò títí ẹ̀gbẹ́ àpáàdì yóò fi yọ bí eyín, àwọn ọmọdé yóò sì máa fẹsẹ̀ kọ ọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ògiri alámọ̀ àtijọ́ pàápàá kún fún un, nítorí ilẹ̀ àyíká ilé ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Ọjà àti ìṣúná

Iwájú ààfin ni ọjà Ifẹ̀ wà. Ọjà tuntun wà ní Odò Ògbè, Sábó sì jẹ́ ibi tí àwọn oníṣòwò Haúsá pọ̀ sí. Nítorí ipò Ifẹ̀ nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, lékúlejà kì í wọ́n lọ́jà: obì, orógbó, atare, ìgbín àti ẹja àrọ̀ wà lórí àtẹ kan náà pẹ̀lú egbò àti èèpo igi. Kòkó ni owó oko àgbègbè yìí, ọjà a sì máa yá nígbà tí wọ́n bá ti ń ta á.

Kóńgò ni òṣùwọ̀n gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá onígàrí kì í kàn bu gàrí kún un. Yóò fi ọwọ́ òsì ṣe ọgbà sí ẹnu kóńgò, yóò máa fi ọ̀tún da gàrí títí yóò fi yọ ṣóńṣó, lẹ́yìn náà ni yóò rọra ká ọwọ́ òsì kúrò. Èyí tó bá dúró di ti oníbàárà, èyí tó bá ya dà padà sínú abọ́. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ènì yóò wáyé. “Ìyá, ẹ fi ènì sí i.” “Ọmọ mi, ọjà ò gbà á mọ́.” Yóò tún bu ìkúnwọ́ kan sí i náà. Ẹjọ́ tó ń lọ sọ́dọ̀ ìyálọ́jà jù ni ti kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Oníbàárà tó bá gbọ́n a kọ́kọ́ da kóńgò délẹ̀ wo ìdí rẹ̀.

Nígbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn alátẹ tí kò gba tíránsífà rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, àwọn oní-POS sì ti wà ní gbogbo kọ̀rọ̀ láti ìgbà náà.

Ọkọ̀

Kórópe, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọ̀kadà ló ń gbé èrò. Ọ̀wọ́n owó ọkọ̀ di àròyé gbogbo ilé lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní May 2023. Ìgbà tí yunifásítì bá wà ní ìsinmi, tàbí tí àwọn olùkọ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà awakọ̀ Lágèrè máa ń tutù.

Omi àti pàǹtí

Kàǹga àti ẹ̀rọ bohóòlù ni ọ̀pọ̀ agboolé gbára lé. Agboolé àtijọ́ fara mọ́ra gan-an, nítorí náà kàǹga àti ṣalángá kì í jìnnà síra, àwọn oníṣègùn sì ń kìlọ̀ pé kí wọ́n se omi kí wọ́n tó mu ún. Gọ́tà tó wà lẹ́bàá ọjà máa ń di nítorí ọ̀rá pọ́ọ̀wọ́tà àti èèpo àgbàdo, àtẹ kan sì máa ń jókòó sórí pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà náà. Ìlú ní ọ̀nà tirẹ̀ láti gbá ìdọ̀tí nù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: nínú ọdún Edì, tí wọ́n so mọ́ Mọrèmi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Telé ni yóò ru ẹrù ẹ̀gbin ìlú jáde.

Ọdún Ọlọ́jọ́ àti mùsíọ́ọ̀mù

Ọdún Ọlọ́jọ́, tó máa ń bọ́ sí ìparí September tàbí October, ni ọjọ́ tí ìgboro kún jù. Ọọ̀ni yóò dé adé Àrè, yóò sì lọ láti ààfin dé Òkè Mògún, ojúbọ Ògún. Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì ló wà lórí oyè láti 2015; Okùnadé Síjúwadé ló jẹ ṣáájú rẹ̀ láti 1980, Adésọjí Adérẹ̀mí sì jẹ láti 1930 di 1980. Ní ọjọ́ náà ọkọ̀ kì í kọjá Ẹnuwà. Àwọn alátẹ etí ọ̀nà a ti kó ọjà wọlé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Mùsíọ́ọ̀mù ṣílẹ̀kùn ní 1954 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ní àkókò Adérẹ̀mí. Ohun idẹ, orí alámọ̀ àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì wà lára ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń wá síbẹ̀ jù, tí wọ́n bá sì jáde, wọn a dúró ra gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà.