Àlẹ̀pọ̀ ni pùròpẹ́là, kì í ṣe pílàwúùdù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ àwọn tó ń kun pùròpẹ́là mọ́dẹ́lì ọkọ̀ òfurufú (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú rẹ̀) lọ́wọ́ ní Ifẹ̀ yìí: pílàwúùdù. Wọ́n á rí ìlà dúdú àti ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lára pùròpẹ́là ayé Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n á ní pílàwúùdù ni, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣan igi ní ìbú. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn ní “igi aláwọ̀ méjì”, bí ẹni pé igi kan náà ló hu àwọ̀ méjì. “Láminéṣọ̀n” ló burú jù: kí ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ dì mú nínú ìyẹn?

Àlẹ̀pọ̀ ni kí ẹ pè é. Pákó tí a lẹ̀ pọ̀ ni; orúkọ ti sọ iṣẹ́. Àwọn kan ń jiyàn pé gọ́ọ̀mù wà nínú pílàwúùdù náà, nítorí náà àlẹ̀pọ̀ lòun náà. Kí wọ́n lọ bi káfíńtà yòówù ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà. Awẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú pílàwúùdù, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dábùú èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó má baà là. Ti pùròpẹ́là, pákó gidi ni, ó nípọn tó bíi 2 sẹ̀ńtímítà, gbogbo wọn ló sì kọjú síbì kan náà, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí i, ńṣe ni apá kọ̀ọ̀kan ń fà síta bí ẹni fẹ́ já kúrò. Ní òòró iṣan ni igi ti lágbára jù. Ẹ wá fi dábùú sí i, kí ẹ wo ibi tí yóò fò sí! Wọn kò lo ìtì kan ṣoṣo nítorí pé ó máa ń lọ́ bí ọ̀rinrin bá yí padà. (Pùròpẹ́là fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ti gbà á.)

Ibo wá ni ìlà wọ̀nyẹn ti wá? Ẹ to búrẹ́dì tí wọ́n ti gé lé ara wọn, kí bọ́tà wà láàárín wọn, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ gé e wálẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá dúró ṣánṣán, ìlà bọ́tà á tín-ín-rín, á sún mọ́ra. Bí ọ̀bẹ bá ń dà gẹ̀rẹ̀ lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, ìlà á fẹ̀, á tẹ̀ kọrọdọ. Nítorí náà, nídìí apá pùròpẹ́là, níbi tó ti lọ́ jù, ìlà ń há mọ́ra. Lápá ṣóńṣó, ó ń gbòòrò. Ẹni tó bá fa ìlà tààrà láti ìdí dé orí ti kun ṣòkòtò, kò kun pùròpẹ́là.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni Tamiya XF-59, aláwọ̀ iyanrìn aṣálẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fi X-22, ọ̀dà Tamiya aláìláwọ̀ tó ń dán, bò ó, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láì padà sẹ́yìn, torí bùrọ́ọ̀ṣì tó bá ń lọ tó ń bọ̀ á hú ọ̀dà ìsàlẹ̀. Láìsí dídán yìí, ọ̀dà olóròóró á mu wọlé, iṣan kò ní hàn. Ẹ wá fún Burnt Umber, ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ilẹ̀ ti inú túùbù, bí orí ìṣáná, sórí páálí kí páálí fa òróró rẹ̀. Bùrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tó le, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ni kí ẹ fi fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Ẹ má ya kókó igi sí i. Pákó tó ní kókó kì í wọ pùròpẹ́là.

Mánganíìsì inú Burnt Umber ń mú un tètè gbẹ ju ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró lọ, síbẹ̀ ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i lásìkò òjò, lábẹ́ abọ́ tí a dojú rẹ̀ dé nítorí eruku. Bí ẹ bá kánjú fi X-22 lé e, yóò hunjọ.

Lẹ́yìn X-22 kejì yìí ni tépù, tí a fi ń bo ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀dà dé, kàn. Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ kí agbára rẹ̀ dínkù. Pákó kan jẹ́ nǹkan bíi 0.4 mílímítà lójú ẹ̀gbẹ́ mọ́dẹ́lì 1/48 (ìdá kan nínú 48 ti gidi), bíi 0.6 lára 1/32. Ẹ gé tépù náà ní títẹ̀, kí ẹ fi èékánná tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá kun Burnt Umber lẹ́ẹ̀kejì sí àárín. Ìlà iwájú gbọ́dọ̀ pàdé ti ẹ̀yìn ní etí apá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ pùròpẹ́là Jámánì ló pa igi dúdú pọ̀ mọ́ igi fẹ́ẹ́rẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń jẹ́ oríṣi igi kan, mahogany tàbí walnut, nítorí náà ẹ gbàgbé tépù níbẹ̀. Fáníìṣì tó parí iṣẹ́ ni X-26 aláwọ̀ ọsàn, tí a pò mọ́ X-22 kó lè fẹ́lẹ́. Irin àárín ni kí ẹ kùn gbẹ̀yìn.