Bí ẹ̀rọ géèmù àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń fara wé ẹ̀rọ àtijọ́

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ gàdàgbà sára páálí àwọn ẹ̀rọ géèmù kéékèèké àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n fi ń ṣe géèmù àtijọ́ lónìí, ni iye géèmù tó wà nínú wọn: 5,000, 10,000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yẹn ò sọ nǹkan kan nípa bí ẹ̀rọ náà ṣe dára tó. Géèmù Game Boy, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ àtijọ́ ti Nintendo, kì í sábà ju 1 MB lọ, káàdì SD olówó pọ́ọ́kú á sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn láìjanpata. Kíkó géèmù sínú káàdì, ọmọdé lè ṣe é. Kí ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe géèmù náà fún wá ṣe é bó ṣe yẹ, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Àṣìṣe kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń rà á. Wọ́n á wo Miyoo Mini Plus, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ yìí, wọ́n á rí i pé chip tó wà nínú rẹ̀, SigmaStar SSD202D, ní core (ọpọlọ) méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré ní 1.2 GHz, ìyẹn 1,200 MHz. Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tó kọ́kọ́ jáde ní Japan lọ́dún 1990, 3.58 MHz péré ni tirẹ̀. Wọ́n á pín in, á lé ní ìlọ́po 300. Nígbà tí géèmù Super Nintendo kan bá wá ń fà, tí ohùn rẹ̀ ń já, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ìṣirò yẹn gan-an ló ṣì wọ́n lọ́nà, torí CPU, ìyẹn chip tó ń ṣe àṣẹ géèmù, nìkan ni wọ́n kà nínú ẹ̀rọ tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀.

Nínú Super Nintendo, CPU kọ́ ló ń ya àwòrán. Chip méjì tí wọ́n ń pè ní PPU ló ń yà á, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Orin náà ò sí lọ́wọ́ CPU: apá ohùn ní CPU tirẹ̀, SPC700, tó ń fi nǹkan bí 1 MHz ṣiṣẹ́, tó ní mẹ́mọ́rì 64 KB tirẹ̀, tí aago rẹ̀ ò sì bá ti àwọn yòókù mu. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ onídùndún. Ìyáálù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì ń gbè é, ìṣáájú àti gúdúgúdú ń di ìlù mú kó má ṣe yẹ̀. Emulator, ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ tuntun fara wé ti àtijọ́, ni ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n kó gbogbo ìlù wọ̀nyí lé lọ́wọ́ pé kó dá wọn lù. Kò lè lù wọ́n pọ̀. Á lu ìyáálù díẹ̀, á gbé e kalẹ̀, á mú gúdúgúdú, á lù ú dé ibi tí ìyáálù dé, á gbé ìyẹn náà kalẹ̀, á sáré padà sídìí ìyáálù, kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ibi tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Tó bá yára dáadáa, ẹni tó ń jó lójú agbo ò ní mọ̀ pé ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n lílù gan-an kọ́ ló ń jẹ àkókò rẹ̀, gbígbé kalẹ̀ àti mímú ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn odindi orin ló ń pààrọ̀ ìlù, ara á tù ú, àmọ́ ìyáálù á ti béèrè ọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí gúdúgúdú tó dáhùn. Tó bá sì jẹ́ pé lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan ló ń pààrọ̀, ìlù á dọ́gba, ṣùgbọ́n alùlù bẹ́ẹ̀ á ti dákú kí wọ́n tó rántí ná an lówó.

Iye ìgbà tí emulator ń pààrọ̀ ìlù, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. CPU Super Nintendo àti SPC700 ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba ojú ihò mẹ́rin péré. Nígbà tí géèmù bá ń bẹ̀rẹ̀, CPU á máa ti orin gba ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa dúró kí SPC700 dáhùn pé òun ti gbà á. Emulator tí kò bá yà sọ́dọ̀ SPC700 lásìkò á fi CPU sílẹ̀ níbi tó ti ń retí èsì, sikirínì á sì dúdú títí ẹni tó mú un dání á fi sú. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú géèmù náà.

Ti àwòrán tún le jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ géèmù láyé ìgbà yẹn mọ̀ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni PPU ń yà, wọ́n sì ń yí nǹkan padà nígbà tó ṣì ń yà á lọ́wọ́. Tó bá dé ìlà 100, wọ́n á sún ẹ̀yìn àwòrán, kí ojú ọ̀run lè máa rọra lọ nígbà tí ilẹ̀ ń sáré. Emulator tó bá dúró kí àkókò àwòrán kan pé tán kó tó yà á ò ní rí ìyípadà yẹn rárá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń pààrọ̀ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tó fún géèmù tó pọ̀ jù. Kò tó fún Air Strike Patrol: òjìji ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ wá látinú ìyípadà tí wọ́n ṣe láàárín ìlà kan náà, emulator tó ń fi ìlà ṣe ìṣirò ò sì ní fi òjìji yẹn hàn. bsnes, emulator Super Nintendo kan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é dé ojú àmì, ẹni tó kọ ọ́ sì ṣàlàyé lọ́dún 2011 pé irú ìṣe-rẹ́gí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó tó 3 GHz. Ìlọ́po 300 tí wọ́n ṣírò lẹ́ẹ̀kan ti kọjá 800 báyìí, nítorí òjìji kan.

Ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ kì í gbìyànjú ìyẹn. Snes9x, emulator Super Nintendo míì, ló sábà máa ń wà nínú wọn, pàápàá àwọn ẹ̀dà rẹ̀ àtijọ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe rẹ́gí. Àwọn kan ń bú wọn nítorí ẹ̀, àmọ́ ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu ni: òjìji kan sọnù, ẹgbẹ̀rún géèmù ń lọ geerege lórí chip tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ibi tó ti máa ń há ni àwọn géèmù tí katíríìjì wọn, ike tí wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀rọ, gbé chip òṣìṣẹ́ tiwọn wá. Yoshi's Island ní Super FX 2 nínú. Super Mario RPG ní SA-1 tó ń sáré ní 10.74 MHz, ìlọ́po mẹ́ta CPU inú Super Nintendo fúnra rẹ̀. Tí irú géèmù yìí bá ń fà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni kí èèyàn pààrọ̀ core (níbí, ẹ̀dà emulator tí ẹ̀rọ ń lò) sí Snes9x 2005 Plus. Fífi agbára mú CPU sáré sí i máa ń jẹ bátìrì, ó sì máa ń mú ẹ̀rọ gbóná, kì í sì í sábà mú ohun tó kù wá.

Aago fúnra rẹ̀ tún ń bẹ. Aago Game Boy ń lù ní ìgbà 4,194,304 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlà 154 ló wà nínú àwòrán kan, 144 là ń rí, mẹ́wàá yòókù jẹ́ ìsinmi. Ìlà kọ̀ọ̀kan gba ìlù aago 456, gbogbo rẹ̀ 70,224. Fi 70,224 pín 4,194,304, wàá rí àwòrán 59.73 nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Sikirínì òde òní ń fẹ́ 60. Tí wọ́n bá fi géèmù sílẹ̀ sí ìwọ̀n tirẹ̀, àwòrán kan á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin mẹ́rin, ojú á sì rí i pé ilẹ̀ kọsẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá sì ní kí géèmù tẹ̀ lé sikirínì, á sáré ju bó ṣe yẹ lọ ní bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohùn á pọ̀ ju èyí tí ẹ̀rọ lè gbé jáde lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta páú.

Ohun tí RetroArch, ètò tó ń kó àwọn emulator jọ sójú kan, ṣe síbẹ̀ dùn mọ́ni. Ó jẹ́ kí géèmù tẹ̀ lé sikirínì, ó wá ń yí ìwọ̀n ohùn padà níwọ̀nba, kò gbọdọ̀ ju 0.5% lọ, bó bá ṣe rí i pé àyè tí ohùn ń dúró sí ń kún tàbí ń gbẹ. Etí èèyàn ò lè mọ ìyàtọ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Dynamic Audio Rate Control ni wọ́n ń pè é nínú àwọn ètò rẹ̀. Ẹni tó bá pa á nítorí pé kò mọ ohun tó ń ṣe, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ra ariwo. Bí ohùn bá ṣì ń ta páú, Audio Latency ni kó gbé sókè láti 64 ms sí 96 tàbí 128.

Sikirínì ò tán síbẹ̀. Ti Game Boy jẹ́ píksẹ́lì 160 ní fífẹ̀ àti 144 ní gíga, ti Miyoo Mini Plus jẹ́ 640 sí 480. Fi 144 pín 480, 3.33 ni. Píksẹ́lì ò ṣeé là sí wẹ́wẹ́, torí náà àwọn kan á nípọn ní mẹ́ta, àwọn kan á nípọn ní mẹ́rin, tí ilẹ̀ bá sì ti ń rìn, gbogbo rẹ̀ á máa gbọ̀n. Integer Scale, tó wà lábẹ́ Video, ló ń yanjú ẹ̀: ìlọ́po mẹ́ta gééré, 480 sí 432, àlàfo dúdú 24 lókè àti nísàlẹ̀. Pẹ̀lú Game Boy Advance, tó jẹ́ 240 sí 160, ìlọ́po méjì ló máa gbà, àlàfo dúdú á sì tó 80 lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè fara da ìyẹn. Sikirínì Anbernic RG351P jẹ́ 480 sí 320, ìlọ́po méjì Game Boy Advance láìkù síbì kan. Ẹni tó mọ̀ pé Game Boy Advance nìkan lòun fẹ́ ṣe, kó wo ìwọ̀n sikirínì kó tó wo CPU.

Ti PlayStation máa ń ya àwọn tó ń fi ọdún díwọ̀n lẹ́nu. Ọdún 1994 ló jáde, CPU rẹ̀ ń sáré ní 33.87 MHz, ó ń ya àwòrán 3D, síbẹ̀ ó lè lọ dáadáa lórí ẹ̀rọ kékeré tí Yoshi's Island ń yọ lẹ́nu. PCSX ReARMed, emulator PlayStation inú wọn, kì í ka àṣẹ géèmù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń mú òdìdì kan lára àṣẹ MIPS (èdè CPU PlayStation), á tú u sí àṣẹ ARM (èdè chip ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́) lẹ́ẹ̀kan, á sì tọ́jú rẹ̀. Tí géèmù bá tún padà síbẹ̀, èyí tó ti tú sílẹ̀ ló máa ṣe. Yàtọ̀ síyẹn, géèmù PlayStation kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé kí nǹkan bọ́ sí ìṣẹ́jú gan-an, torí náà alùlù lè pẹ́ nídìí ìlù kan kó tó mú òmíràn. Nintendo 64 yàtọ̀ pátápátá, SSD202D ò sì ní ẹ̀yà tó ń ya 3D. Kí èèyàn má wulẹ̀ dán an wò.

Ọ̀nà míì wà. Analogue Pocket, tó jáde ní December 2021, ń lo FPGA, chip tí wọ́n lè tún àyíká iná inú rẹ̀ tò, kí PPU, CPU àti ohùn lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ní tòótọ́. Sikirínì rẹ̀ jẹ́ 1600 sí 1440, ìlọ́po mẹ́wàá Game Boy láìṣẹ́ kù. Àwọn kan ń sọ pé kì í ṣe emulator, pé ẹ̀rọ gidi ni. Àsọdùn ni. Èèyàn ló jókòó kọ core rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń tò ó, lẹ́yìn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń ṣe. Ohun tí kò bá yé onítọ̀hún, FPGA á gbé e jáde ní àṣìṣe, pẹ̀lú aago tó pé pérépéré.

Ní ti fáìlì, káàdì tó bá ẹ̀rọ wá nínú páálí ló máa ń kọ́kọ́ kú. Kí èèyàn ra káàdì gidi, kó fọ́ọ̀mátì rẹ̀ sí FAT32, kó da OnionOS, ètò tí Miyoo Mini Plus lè fi ṣiṣẹ́, sínú rẹ̀, kó sì kó géèmù sí fódà tó yẹ lábẹ́ Roms: GB, GBA, SFC (Super Nintendo), PS (PlayStation). PlayStation ń fẹ́ BIOS, fáìlì ètò tí ẹ̀rọ gidi fi ń tàn, scph5501.bin fún géèmù Amẹ́ríkà, nínú fódà BIOS. Láìsí i, géèmù lè ṣí, àmọ́ àwọn kan ò ní lè tọ́jú ibi tí èèyàn ṣeré dé. Fáìlì .cue ni kó ṣí, kó má ṣí .bin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orin inú CD lè má dún. Tí fáìlì bá pọ̀ jù, kó fi chdman, ètò kọ̀ǹpútà kan, sọ wọ́n di .chd kan.

Èyí tó ń dun àwọn èèyàn jù ni sísọ eré nù. Bí géèmù bá sọ pé òun ti tọ́jú, inú mẹ́mọ́rì lásán ló ṣì wà. RetroArch ò ní kọ ọ́ sínú fáìlì .srm títí wọ́n á fi pa géèmù náà bó ṣe yẹ. Bátìrì tó kú lójijì ń gbé e lọ. SaveRAM Autosave Interval wà níbẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pa á sílẹ̀ ni. Kí èèyàn tàn án, kó fi sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Save state yàtọ̀ síyẹn: àwòrán gbogbo inú core ní àkókò náà ni, èyí tí a ṣe pẹ̀lú Snes9x kan lè má ṣí nínú Snes9x míì. Kó tó di pé èèyàn pààrọ̀ core, kó lọ tọ́jú eré rẹ̀ nínú géèmù fúnra rẹ̀, kó jáde, kó rí i pé .srm ti wà níbẹ̀.