Óòmù mẹ́jọ tí kì í dúró lójú kan

Ẹ yí wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn tó rinlẹ̀, dojú bolẹ̀, ẹ ó rí 8Ω lára òòfà ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn óòmù mẹ́jọ; óòmù ni wọ́n fi ń wọn ìdènà tí iná ń bá pàdé. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, bíi 6 ló máa gbé wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan àpótí sípíkà fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìyàwó ní Kubwa àti Nyanya l'Ábújá máa ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Kì í ṣe ayédèrú rárá. Iná bátìrì tó ń lọ tààrà ni mítà fi ń wọ̀n ọ́n. Orin kì í lọ tààrà: ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà mìíràn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlọ-àbọ̀ yẹn bá ṣe yá tó ni ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú wúfà ṣe ń yí padà.

Níbi tí kóònù, ojú wúfà tó ń mì, ti ń mì fàlàlà, ká ní 45 Hz (ìyẹn àlọ-àbọ̀ 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìdènà lè fò dé 40 óòmù, torí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká) tó ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú òòfà ti di jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó ń ti iná ampilifáyà padà. Tó bá kọjá ibẹ̀, ìdènà á wálẹ̀ sí bíi 7, á sì tún máa gòkè bí ohùn ṣe ń tín-ín-rín sí i. Gígòkè ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń ba iṣẹ́ krọ́sófà jẹ́, ìyẹn ohun tó ń pín ohùn láàárín wúfà àti twítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín.

Ẹni tó fẹ́ gé wúfà ní 3000 Hz, kí ohùn tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ má dé ibẹ̀, á fi 8 ṣírò, á rí i pé kọ́ìlì 0.42 mH ló yẹ kóun fi sínú krọ́sófà (mílíhẹ́ńrì, mH, ni wọ́n fi ń wọn agbára kọ́ìlì). Ṣùgbọ́n wúfà tó ní 6 óòmù àti 0.8 mH nínú kọ́ìlì tirẹ̀ ti di 16 óòmù ní 3000 Hz. Kọ́ìlì krọ́sófà yẹn kò lágbára tó mọ́. Wúfà á máa bá twítà sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn oníwàásù á sì máa gún etí àwọn tó jókòó níwájú.

Àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n: rẹsítọ̀ (tó ń dènà iná) 7.5 óòmù àti kàpásítọ̀ (tó ń jẹ́ kí iná ohùn tín-ín-rín kọjá ju ti ohùn tó rinlẹ̀ lọ) 15 µF, kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ wá so wọ́n mọ́ ẹnu méjèèjì tí wúfà náà ní. Zobel ni wọ́n ń pè é. Bí ìdènà wúfà ṣe ń gòkè, ọ̀nà kejì yìí ń ṣí sílẹ̀, krọ́sófà á sì máa rí nǹkan bíi 7 sí 7.5 óòmù. Òun ni kí ẹ wá fi ṣírò kọ́ìlì, kì í ṣe 8. Ẹ má lo kàpásítọ̀ tó ní ìlà ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń tú lára rédíò àlòkù: ó ní ojú tó gbọ́dọ̀ kọ síbi pọ́sítífù, orin kò sì ní ojú kan. Kí rẹsítọ̀ náà tó wáàtì 10, nítorí á gbóná.