Igi Akòko

Akòko ni igi tí a ń já ewé rẹ̀ fún olóyè nílẹ̀ Yorùbá. Newbouldia laevis ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, nínú ìdílé Bignoniaceae. Orúkọ William Williamson Newbould, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Laevis túmọ̀ sí dídán, ewé rẹ̀ sì ń dán lóòótọ́. Àwọn Ígbò ń pè é ní ogirisi, àwọn Haúsá ní aduruku. Ó ń hù láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Kóńgò.

Ní Òṣogbo, ẹni tí Ataọ́ja bá fi joyè kò tíì di olóyè títí wọ́n á fi já ewé akòko lé e lórí. Nítorí èyí, àti nítorí pé a sábà máa ń rí i nídìí ojúbọ Ògún, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á mọ́ igi ẹ̀ṣọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó yẹ fún ẹ̀ṣọ́ ilé gan-an. Òdòdó rẹ̀ tóbi, ó rí bí ẹnu fèrè, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín àlùkò àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì so pọ̀ ní ṣónṣó ẹ̀ka. Èso rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ó bá là, afẹ́fẹ́ á gbé hóró rẹ̀ lọ, torí wọ́n ní ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Igi náà lè ga tó mítà 20, àmọ́ òkè tààrà ló ń lọ, kì í na ẹ̀ka gbalẹ̀, èyí tó mú kó dára fún àgbàlá kékeré.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó bí ọ̀pá, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Yóò ta gbòǹgbò. Bí ẹ bá tò wọ́n súnmọ́ra, wọn a di ọgbà tí ikán kò lè jẹ bí ó ṣe ń jẹ igi gbígbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fi í pààlà oko, tí wọ́n tún ń fi ọ̀pá rẹ̀ gbé iṣu. Ṣùgbọ́n akòko tí a ń rẹ́ lórí lemọ́lemọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tanná, nítorí ṣónṣó ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ òdòdó, kí ó rẹ́ èyí tó fi sọgbà, kí ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu géètì kí ó dàgbà.