Àmì inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́jú etí tó di lójijì

Etí dídi lójijì ni àìsàn tó ń mú kí etí inú tàbí iṣan ìgbọ́ràn dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wákàtí 72. Àwọn oníṣègùn gbà pé òun ni nígbà tí ìgbọ́ràn bá fi 30 dB (decibel, ìwọ̀n agbára ìró) ó kéré tán dínkù lórí ìró mẹ́ta tí gíga ohùn wọn tẹ̀ léra. Etí kan ló sábà máa ń mú. Ẹni náà lè jí láàárọ̀, kó gbé fóònù sí etí ọ̀tún, kó má gbọ́ nǹkan kan. Etí á máa hó, òòyì sì lè máa kọ́ ọ.

“Etí mi di” ni ará Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ máa wí, bó ṣe máa wí bó bá jẹ́ ìdọ̀tí lásán ló dí i. Ó dunni pé ọ̀rọ̀ kan náà yìí ń mú kí àwọn kan máa kán epo sí etí títí àsìkò ìtọ́jú á fi lọ. Irin ẹlẹ́nu méjì tí dókítà ń lù mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bó bá fi ìdí rẹ̀ lé iwájú orí, ìró á lọ sí etí tó di bó bá jẹ́ ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ iṣan, etí tó yè ni yóò gbọ́ ọ. Etí tí ìró ìbọn bàjẹ́ níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò sí lára èyí, nítorí a mọ ohun tó ṣe é.

Steroid, oògùn tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, ni oògùn rẹ̀, yálà prednisolone oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún gba inú ìlù etí, ó sì dára kó bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aláìsàn ni etí wọn ń là díẹ̀díẹ̀ láìlo oògùn. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá àmì tó lè sọ ṣáájú ẹni tí yóò rí ìwòsàn.

Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò jù ni ìfiwéra neutrophil àti lymphocyte, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun méjì inú ẹ̀jẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíkún láti láàbù ti tó. Bí neutrophil bá jẹ́ 66 nínú ọgọ́rùn-ún, tí lymphocyte jẹ́ 22, a ó pín 66 sí ọ̀nà 22: ó di 3. Ẹni tó ní 45 àti 45 ní 1. Ọ̀pọ̀ ìwádìí láti Tọ́kì àti Kòríà rí i pé bí iye yìí bá ṣe ga tó ni ìrètí ìwòsàn ń dínkù tó. Fibrinogen, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, náà wà lára ohun tí wọ́n ń wò, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ń bọ́ etí inú.

A kò gbọdọ̀ gbé iye ilẹ̀ òkèèrè wá sí Ṣàgámù bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo Yorùbá ni kò ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ohun àbínibí tó ń mú kí neutrophil wọn kéré láìsí àìsàn kankan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ fi 1 hàn lè má yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ tó gbọ́ràn dáadáa. Ibà náà ń yí iye sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí padà. Prednisolone fúnra rẹ̀ ń gbé neutrophil sókè, ó sì ń fa lymphocyte wálẹ̀, nítorí náà ẹni tó ti ra hóró díẹ̀ lò ní kẹ́míìsì kó tó dé ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Fásitì Olábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù ní láti sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.