Láti pápá Kétu dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n: bí ẹ̀kọ́ nípa ọgbà ìgbafẹ́ àti ojúde ìlú ṣe ń di iṣẹ́

Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọmọ tó bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé igi ìgboro àti ojúde ìlú lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé iṣẹ́ oko náà ni. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Abẹ́ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin, UNA, ni ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ọ̀gbìn àti ètò ọgbà ìgboro wà, Kétu gan-an ló sì wà. EHAEV ni wọ́n ń pè é. Ilé-ẹ̀kọ́ nípa igbó, EForT, náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn a sì gba ẹ̀ka jọ́gíráfì àti ètò ilẹ̀ ní yunifásítì Abomey-Calavi wọlé.

Lẹ́yìn BAC, ìdánwò àṣejáde girama, ọdún 3 ni licence (oyè àkọ́kọ́), 2 ni master (oyè kejì), 3 ni doctorat (oyè ọ̀mọ̀wé). Ọdún 8 nìyẹn, lórí ìwé o. Doctorat lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ gun zém (ọ̀kadà) lọ sínú igbó.

Inú pápá ni iṣẹ́ wà. Ká mú ipa-ọ̀nà inú igbó. Akẹ́kọ̀ọ́ á na okùn láti etí ọ̀nà kan dé ìkejì, á fi téèpù wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó, á wọn bí àárín rẹ̀ ṣe jìn tó sí okùn náà, á ka gbòǹgbò tó ti yọ síta, á rìn síwájú díẹ̀, á tún un ṣe. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ńkọ́? Ibi tó ga tó mítà 1.30 láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi téèpù yí i ká. Ohun tí irú ìwọ̀n báyìí ti fi hàn káàkiri ayé ni pé ẹsẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ba koríko jẹ́ jù. Bí ilẹ̀ bá ti le tán, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ kún ìbàjẹ́ náà mọ́. Àbùjá mẹ́wàá tí ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ń gbà burú fún igbó ju ọ̀nà kan tí gbogbo ayé ń gbà lọ, ìdí sì nìyẹn tí olùṣètò ọgbà fi máa ń kó àlejò sójú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà náà kò sì gbọ́dọ̀ dojú kọ òkè tààrà. Bí kò bá gba ẹ̀gbẹ́ òkè, omi òjò á gbẹ́ ẹ di kòtò.

Ní ojúde ìlú, ènìyàn ni wọ́n ń kà. Níwájú Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ tí àlejò ń wá wò, akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí: ta ló ń kọjá, ta ló jókòó, ta ló pàtẹ, ibo ni ibòòji wà lásìkò náà. Ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ lásán gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ̀rùn àti òjò pẹ̀lú.

Igbó orò ni ọ̀rọ̀ ti gbẹgẹ́. Àṣẹ ìjọba ọdún 2012 fún àwọn igbó òrìṣà ní ààyè lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n lẹ́tà yunifásítì kì í ṣílẹ̀kùn wọn. Àwọn àgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ máa tọ̀ lọ, pẹ̀lú obì àti ọtí, kí wọ́n tó fi ibi tí téèpù lè dé hàn án. Obìnrin kì í wọ igbó orò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó bá yan irú igbó bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ ló máa dúró sí, kí ó rán ọkùnrin wọlé lọ bá a wọ̀n ọ́n, àbí kí ó kúkú wá ibòmíràn.

Lẹ́yìn doctorat ni àkàsọ̀ gidi bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé olùkọ́ rẹ̀ ga. Ní Benin, ọ̀dọ̀ CAMES ni ọ̀rọ̀ ń lọ, àjọ Áfíríkà àti Màdágásíkà fún ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1968, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ouagadougou, tó sì kó orílẹ̀-èdè 19 mọ́ra. Assistant lẹni fi ń bẹ̀rẹ̀, maître-assistant ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà maître de conférences, kó tó wá kan professeur titulaire, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún. Olùkọ́ á kó ìwé rẹ̀ jọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti orílẹ̀-èdè mìíràn á jókòó lé e lórí, orúkọ àwọn tó yege á sì jáde. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá jáde á tún dúró.

Àpilẹ̀kọ inú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ni ohun tí wọ́n ń wò jù. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ kò ti dọ́gba. Òfin ọdún 1999 fa ètò ìlú lé kómúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, lọ́wọ́, nítorí náà àwọn ará mérì (ọ́fíìsì kómúùnù) lè pe olùkọ́ kan pé kó wá sọ ibi tí igi àti ìjókòó yẹ kó wà. Iṣẹ́ gidi ni, ará ìlú á sì jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ìgbìmọ̀ CAMES, àpilẹ̀kọ nípa igi náà tẹ̀wọ̀n ju igi náà lọ, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, èdè tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó gba obì yẹn kò kà.

Ipò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan. Láti maître de conférences lọ sókè ni ènìyàn ti ń darí doctorat. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ipò ẹni tó fẹ́ sá bá: maître-assistant kan lè mọ igbó náà bí ẹni mọ owó, síbẹ̀ orúkọ ẹlòmíràn ló máa wà lókè ìwé gẹ́gẹ́ bí olùdarí.