Abẹ́rẹ́ ìdí ìrù tá a fi ń pa ìrora ológbò

Ìyá kan gbé ológbò akọ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti Modákẹ́kẹ́, inú apẹ̀rẹ̀ tòmátì ló dé e mọ́. Ó ní láti ìjẹta ló ti ń bà sórí iyẹ̀pẹ̀, á bà, á fún ara ẹ̀, á ké, nǹkan kan ò ní jáde, òun sì rò pé ìgbẹ́ ló há, lòun bá rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ìgbẹ́ kọ́ o, ìtọ̀ ni. Mo fọwọ́ kan ikùn ẹ̀, àpò ìtọ̀ ti le bí àgbálùmọ̀ tí ò tíì pọ́n.

Akọ ló máa ń ṣe jù torí ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn tín-ín-rín gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ tàbí nǹkan tó dì bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á lọ dí i, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde á wá padà sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá potassium, irú iyọ̀ kan tó máa ń wà nínú ara, tó bá ti pọ̀ jù, òun ló ń mú kí ọkàn máa lù jẹ́jẹ́ títí táá fi dúró. Ọjọ́ méjì mẹ́ta ti tó láti pa á.

A gbọ́dọ̀ ki rọ́bà tín-ín-rín bọ ọ̀nà yẹn kó lè là, ìrora ẹ̀ ò sì kéré rárá. Ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn ẹ̀ ti ń ṣe ségesège, tẹ́ ẹ bá fún un ní oògùn oorun tó pọ̀, ó lè má jí mọ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ ìdí ìrù yìí ti ń gbà wá nìyẹn, oògùn oorun díẹ̀ tí ojú ẹ̀ á fi wálẹ̀ ti tó pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ ká kò, tí wọ́n gún yín lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ yín kú tẹ́ ẹ sì ń gbọ́ ohùn dókítà? Ó jọ ọ́. Àmọ́ tiwa, ìta awọ tó bo mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn la máa ń fi oògùn sí, kó lè dá iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ dúró. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí la ti ń gún un, ẹsẹ̀ á sì rọ fún wákàtí díẹ̀. Mùdùnmúdùn ológbò gùn lọ sẹ́yìn ju ti ajá lọ, abẹ́rẹ́ lè tètè wọnú omi tó yí i ká, tá a bá sì rí omi yẹn, a ní láti dín oògùn kù tàbí ká fà á yọ. Ìdí ìrù ò ní wàhálà yẹn ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣì máa rìn, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Lidocaine 2%, oògùn tó ń mú ojú ibi tá a fi sí kú, la sábà máa ń lò, 0.1 sí 0.2 ml fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ológbò kílò 4 ò lè gbà ju 0.8 ml lọ, kò sún mọ́ ṣíbí tíì kan rárá. Bíi ìṣẹ́jú 5 ló fi ń ṣiṣẹ́, á sì tó wákàtí kan. Bupivacaine máa ń pẹ́ sí i, wákàtí 4 sí 6, ṣùgbọ́n tó bá ṣèèṣì wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn ló máa bá jà, ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́kọ́ fa sírínjì sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ara ológbò ò gba àpọ̀jù rárá: á gbọ̀n, gìrì á mú un. Tí egbò bá wà níbi tá a fẹ́ gún, tàbí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í dì, a ò ní gún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra xylocaine, lidocaine yẹn náà ni, ní kẹ́místì o, ẹ má sì fún un ní parasítámọ́ọ̀, ẹyọ kan péré lè pa á, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́, èrìgì ẹ̀ á dúdú.

Ìyá yẹn ṣáà ń bi mí pé, "Dókítà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní rọ?" Mo ní rárá mà, ìrù ẹ̀ lẹ máa wò. Lóòótọ́ ìrù yẹn sì rọ jọwọlọ, ihò ìdí ẹ̀ dẹ̀, ìgbà yẹn la mọ̀ pé ó ti mú, rọ́bà wọlé, ìtọ̀ pupa tú jáde sínú abọ́. Ó lé ní wákàtí kan kí ìrù tó tún máa jù. Irun tá a fá níbẹ̀ ṣì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó hù, mo ti bẹ̀ wọ́n.